Ọdún Márùn-ún Tí Wọ́n Fò Kọjá

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin pàdánù ọmọ wọn ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Láìpẹ́ yìí, àwa mẹ́rin jókòó wo Peppermint, fíìmù Amẹ́ríkà tí ìyá kan ti ń gbẹ̀san ọkọ àti ọmọ rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí pé ẹ̀gbọ́n mi ò ní lè wo ibi tí wọ́n ti pa ọmọ náà, ṣùgbọ́n wọ́n wò ó tán, wọn ò mira. Ìgbà tí ìyá náà wá ń pa àwọn ọ̀daràn lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àwa yòókù ń pàtẹ́wọ́, ìgbà yẹn ni wọ́n dìde tí wọ́n wọ yàrá lọ. Mo tẹ̀lé wọn. Wọ́n ní, "Obìnrin yẹn ò ṣọ̀fọ̀ rárá." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ni wọ́n rí tí àwa ò rí? Ṣé fíìmù náà ni ò dáa ni, àbí àwa tí à ń pàtẹ́wọ́ ni a ò láàánú? Ṣé irú fíìmù bẹ́ẹ̀ wà tí mo lè bá wọn wò?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n yín. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí wọ́n rí irú rẹ̀ mọ́. Gbólóhùn kan ṣoṣo tí wọ́n sọ yẹn, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mi ò sì rí ibi tí mo lè gbà já a ní koro. Obìnrin yẹn ò ṣọ̀fọ̀ lóòótọ́. Àwọn tó ṣe fíìmù náà ni wọn ò fún un láyè láti ṣe é.

Iṣẹ́ olótùú fíìmù ni mò ń ṣe. Èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi la máa ń pinnu ibi tí ìran kan yóò ti dáwọ́ dúró àti ibi tí òmíràn yóò ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ yìí ti kọ́ ojú mi débi pé, bí mo bá ń wo eré, àlàfo tó wà láàárín ìran méjì ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣọ́. Ohun tí ẹ̀gbọ́n yín ń wá, inú irú àlàfo bẹ́ẹ̀ ló wà. Ọdún márùn-ún gbáko ni àlàfo náà.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí bó ṣe lọ. Fíìmù náà jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2018. Pierre Morel ló darí rẹ̀. Jennifer Garner ló ṣe Riley North, ìyá tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì ní ìlú Los Angeles. Mọkáníìkì ni Chris, ọkọ rẹ̀. Agbára káká ni owó fi ń ká ìnáwó ilé. Ọ̀rẹ́ kan wá bá Chris pé kí àwọn lọ ja ọ̀gá àwọn oníṣòwò oògùn olóró lólè. Chris rò ó síwá sẹ́yìn, ó sì padà kọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti dé etí ọ̀gá náà. Ní ọjọ́ ìbí Carly, ọmọbìnrin wọn, àwọn ọmọ tí wọ́n pè ò wá. Bàbá, ìyá àti ọmọ bá kúkú jáde lọ sí ọgbà ìṣeré alẹ́ kan láti tu ọmọ náà nínú. Carly gba áísìkiriímù tó ní adùn peppermint, ibẹ̀ ni fíìmù náà ti mú orúkọ. Kò pẹ́ sí i tí ìbọn fi dún. Riley nìkan ló yè é.

Ó dé ilé ẹjọ́, ó fi ìka tọ́ka sí àwọn mẹ́ta tó yìnbọn. Adájọ́ ti jẹ owó. Ó tú ẹjọ́ ká, ó sì ní kí wọ́n gbé ìyá ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn àwọn tí ọpọlọ wọn ò pé. Riley já mọ́ wọn lọ́wọ́ lójú ọ̀nà, ó sá lọ. Ìran tó tẹ̀lé e sọ fún wa pé ọdún márùn-ún ti kọjá. Àwọn ọlọ́pàá dé ọgbà ìṣeré yẹn, wọ́n bá òkú àwọn apànìyàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbi tí wọ́n so wọ́n rọ̀ sí lára àgbá kẹ̀kẹ́ gíga tí àwọn ọmọdé máa ń gùn yíká. Riley ti padà dé.

Ibi tí wọ́n ti gé e nìyẹn.

Bí a bá fo ọdún márùn-ún nínú eré, ó yẹ kí á bi ara wa léèrè pé kí ló wà nínú ọdún márùn-ún yẹn tí a ò fẹ́ kí òǹwòran rí. Kí ni Riley ṣe ní àárọ̀ ọjọ́ tó kọ́kọ́ jí tí kò sí ẹni tí yóò múra ilé ìwé fún? Ta ló kó aṣọ Carly? Bàtà ọmọ náà ńkọ́, èyí tó sábà máa ń wà lẹ́nu ilẹ̀kùn? Nígbà tí ọjọ́ ìbí náà tún yí po, ní ọdún kìíní, ní ọdún kejì, ibo ló jókòó sí, kí ló jẹ, ta ló bá a sọ̀rọ̀? Ìgbà wo ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣé ó sì bínú sí ara rẹ̀ pé òun rẹ́rìn-ín? Ẹ̀gbọ́n yín mọ ìdáhùn gbogbo ìbéèrè wọ̀nyí fún ara wọn. Ọdún mẹ́ta ni wọ́n ti ń dáhùn wọn. Wọ́n jókòó síwájú fíìmù pé bóyá wọn yóò rí ẹnìkan tó ti gba ọ̀nà yẹn kọjá. Fíìmù náà fo ọ̀nà náà, ó lọ dúró sí ìpẹ̀kun rẹ̀.

Ìwọ̀nba tí a gbọ́ nípa ọdún márùn-ún yẹn, ẹnu òṣìṣẹ́ FBI la ti gbọ́ ọ. Ó ní Riley jí owó ní báńkì tó ti ń ṣiṣẹ́, ó kúrò nílùú, wọ́n rí fídíò rẹ̀ níbi tó ti ń ja ìjà olówó ní ilẹ̀ òkèèrè, ó ti kọ́ ìbọn, ó ti kọ́ ọ̀bẹ. Bí ìwé ẹ̀sùn ọ̀daràn ni wọ́n ṣe ka ayé obìnrin yẹn sí wa létí. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n ti kà á tán.

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Ẹkún àti ìríran jọ ń wà lójú kan náà ni. Ìyá tó ń ṣọ̀fọ̀ a máa gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ tó kù, a máa san owó iná, a máa dá èèyàn lóhùn lórí fóònù, omijé á sì wà níbẹ̀ tí ó ń dúró dè é. Peppermint pín ojú náà sí méjì. Riley sunkún ní ìbẹ̀rẹ̀ eré, ó nu ojú rẹ̀ nù pátápátá, lẹ́yìn náà ló tó wá ń ríran. Láti ìgbà tó ti padà dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí nǹkankan tó ń dí ojú rẹ̀. Kò ta ìbọn tì, kò gbàgbé ohun tó wá ṣe, orúkọ ọmọ rẹ̀ kì í dédé gbà á lọ́fun láàárín ọ̀rọ̀. Òtítọ́ ni pé wọ́n jẹ́ kí ó rí Carly lójú ìran nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n ọmọ náà wá bí ẹni tó wá ki ìyá rẹ̀ láyà pé kí ó dìde padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọmọ tó kú kì í sábà wá báyẹn. Ẹ bi ẹ̀gbọ́n yín.

Ọ̀rọ̀ ìtùnú kan wà tí gbogbo wa mọ̀: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Ìyá ni agbè. Àdúrà ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà, mi ò sì ní fi ẹnu tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jókòó ti irú ìyá bẹ́ẹ̀ pẹ́ yóò mọ̀ pé agbè a máa sán. A máa jò díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ pẹ̀lẹ́ sì ni wọ́n fi ń gbé e. Eré tó bá fẹ́ sọ ìtàn ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀, ibi tó sán yẹn ni kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò. Àwọn tó kọ Peppermint gbé agbè tó sán kúrò nílẹ̀, wọ́n fi irin rọ òmíràn sí ipò rẹ̀. Ó dán, kò sì ní jò láé. Kò kàn jẹ́ agbè mọ́ ni.

Ọ̀rọ̀ àtẹ́wọ́ yín wá kàn. Ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ọwọ́ tó mọ iṣẹ́ ló fa àtẹ́wọ́ yẹn yọ lára yín, mo sì lè fi bó ṣe ṣe é hàn yín. Ẹ rántí pé kí ìbọn tó dún rárá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ gbèsè sílẹ̀. Ìyá ọlọ́rọ̀ kan wọ́ Riley nílẹ̀ lójú ọmọ rẹ̀: gbèsè. Àwọn ọmọ ò wá síbi ọjọ́ ìbí: gbèsè. Lẹ́yìn ikú, agbẹjọ́rò àwọn ọ̀daràn gbé owó wá bá a pé kí ó pa ẹnu mọ́. Adájọ́ ò gba ẹ̀rí rẹ̀ gbọ́. Wọ́n fi iná mànàmáná gbé e lulẹ̀ nínú ilé ẹjọ́, lójú àwọn tó pa ọmọ rẹ̀, àwọn yẹn sì ń lọ sílé. Títí ọdún márùn-ún yóò fi fò kọjá, ìwé gbèsè ti kún. Gbogbo ẹni tó bá kú láti ìgbà náà lọ, owó tí wọ́n san ni. Ara wa a máa fẹ́ kí gbèsè tán. Àtẹ́wọ́ yín, ìdùnnú ìṣirò tó pé ni. Àánú ò sí nínú rẹ̀, ìkà náà ò sì sí nínú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n yín nìkan ló wà níbẹ̀ tó mọ̀ pé gbèsè yẹn kì í tán.

Kí ìṣirò náà lè pé, gbogbo ilẹ̀kùn gbọ́dọ̀ tì. Ìdí nìyẹn tí ilé ẹjọ́ inú eré fi bàjẹ́ dé gbòǹgbò. Ní ìpínlẹ̀ California tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, òfin kan wà tí wọ́n ń fi nọ́ńbà pè ní 5150. Ó gba ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ ìlera tí wọ́n yàn láyè láti dá ẹni tí àìsàn ọpọlọ ti sọ di ewu fún ara rẹ̀ tàbí fún ẹlòmíràn dúró fún wákàtí 72, kí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò. Wọn kì í kàn gbé ẹlẹ́rìí lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ nítorí pé adájọ́ ní kí wọ́n gbé e. Bí adájọ́ bá sì tú ẹjọ́ ìpànìyàn ká kí ìgbẹ́jọ́ gan-an tó bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ò sọ olùjẹ́jọ́ di aláìlẹ́bi títí láé. Ìjọba lè tún un gbé wá. Òǹkọ̀wé eré náà kò lè jẹ́ kí á rántí èyí, nítorí bí ilẹ̀kùn kan bá ṣí sílẹ̀ díẹ̀ báyìí, ìbọn Riley yóò di ọ̀ràn lójú wa.

Nínú èdè wa, ẹ̀san àti ìgbẹ̀san kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ̀san ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó ń rìn bọ̀ láìjẹ́ pé ẹnìkan rán an. A ní ẹ̀san ń bọ̀, a ní ẹ̀san á ké. Ẹni tó bá ní òun ò lè dúró dè é, tí ó ní òun fẹ́ gbà á, òun náà gbọ́dọ̀ dìde lọ pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà, kò sì mọ irú ẹni tí òun yóò ti dà kí òun tó dé ìpàdé yẹn. Ìyípadà yẹn ni ẹran inú irú ìtàn báyìí. Riley dé ìpàdé náà tán, kò yípadà. Ọgbẹ́ ara nìkan ló gbà.

Nǹkan kan tún wà tó dùn mí ju ti ọdún márùn-ún lọ, bóyá nítorí pé ó wà nílẹ̀ níbẹ̀, wọn ò kàn mú un lò ni. Ẹ̀yin náà mọ àbámọ̀. Gbogbo ọ̀tọ̀kùlú ìlú pé, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Riley ni iṣẹ́ dá dúró lọ́jọ́ ìbí ọmọ rẹ̀. "Ká ní mo tètè kúrò níbi iṣẹ́." "Ká ní a jókòó sílé." Chris, ọkọ rẹ̀, ló gbọ́ ọ̀rọ̀ olè, tí kò tètè lé ọ̀rọ̀ náà lọ. Bí ìyá ọmọ bá gbọ́ èyí, kí ni yóò ṣe sí ìrántí ọkọ tó fẹ́ràn, tó sì kú lọ́jọ́ kan náà? Ṣé yóò lè bínú sí òkú? Ṣé yóò lè dárí jì í? Eré tó tó ogún wà nínú ìbéèrè kan yìí. Mi ò rí ìran kan níbẹ̀ tí Riley ti bínú sí Chris, tàbí sí ara rẹ̀. Gbogbo ẹ̀bi ló kúrò nílé, ó lọ kó sórí àwọn àjèjì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àwọn àjèjì náà ló jẹ́ ọmọ ìran Látìn. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí bínú sí fíìmù náà nítorí èyí, wọn ò sì jẹ̀bi.

Ibo ni wọ́n ti mú irú ìrísí yìí? Aṣọ bàbá ni. Ní ọdún 1972, Brian Garfield kọ ìwé Death Wish, nípa ọkùnrin tí wọ́n ṣe ìdílé rẹ̀ ní ibi, tó wá ń fi ìbọn ṣe ìdájọ́ ní ìgboro. Wọ́n sọ ọ́ di fíìmù ní 1974, Charles Bronson ló ṣe ọkùnrin náà, àwọn òǹwòran sì pàtẹ́wọ́. Inú Garfield ò dùn sí bí fíìmù náà ṣe yìn ín. Ó tún kọ ìwé mìíràn ní 1975, Death Sentence, láti fi hàn pé ọ̀nà yẹn ò dára. Ìwé kejì yẹn ò dá nǹkankan dúró. Irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ kún sinimá láti ìgbà náà wá. Pierre Morel fúnra rẹ̀ ló darí Taken ní 2008, níbi tí Liam Neeson ti ń wá ọmọbìnrin rẹ̀ kiri ìlú Paris. Nígbà tó kan ìyá, wọ́n mú aṣọ náà látinú àpótí, wọ́n fi wọ̀ ọ́, wọn ò tún un rán. Jennifer Garner mọ ìjà orí ìtàgé; ó ti ṣe é fún ọdún márùn-ún nínú Alias lórí tẹlifíṣọ̀n. Aṣọ náà bọ́ sí i lára. Ara ìyá tó wà lábẹ́ rẹ̀ ni a ò rí.

Síbẹ̀, kí n má ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ìran kan wà tí mo rò pé ẹ̀gbọ́n yín ì bá dúró wò ká ní wọ́n pẹ́ lórí ìjókòó. Riley wà nínú bọ́ọ̀sì, ó rí ọmọkùnrin kékeré kan pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tó ti mutí yó. Ó bá ọmọ náà sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀lé bàbá náà wọ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọtí, ó kì í mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìbọn pé kí ó lọ ṣe bàbá fún ọmọ rẹ̀. Ọkùnrin náà kò sí nínú ìwé gbèsè. Kò ṣẹ Riley. Ó kàn ní ọmọ lọ́wọ́ ni, kò sì mọ ohun tó ní. Oró tó jáde lójú Garner níbẹ̀ kì í ṣe oró ìgbẹ̀san. Ojú ìyá tó ń wo ẹni tó ń fi ohun tí wọ́n já gbà lọ́wọ́ òun ṣòfò ni. Bí wọ́n bá fún mi ní fíìmù yẹn kí n tún un tò, ibẹ̀ ni n óò ti bẹ̀rẹ̀.

Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ti wà láyé rí, kò sì jọ ti inú eré. Ní ìlú Lübeck ní Jámánì, wọ́n pa ọmọbìnrin ọmọ ọdún méje kan, Anna, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1980. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ọdún 1981, ìyá rẹ̀, Marianne Bachmeier, gbé ìbọn pamọ́ wọ ilé ẹjọ́, ó sì yin ín lu ẹni tí wọ́n ń gbẹ́jọ́ rẹ̀ lórí ikú ọmọ náà. Ọkùnrin náà kú síbẹ̀. Àwọn aráàlú kọ́kọ́ gbé ìyá náà gẹ̀gẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ó ti fi àwọn ọmọ méjì tó bí ṣáájú Anna sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti gbà tọ́, púpọ̀ nínú wọn yí ojú padà. Ẹ ṣe àkíyèsí ìyẹn: àwọn èèyàn fẹ́ kí ìyá tó gbẹ̀san jẹ́ ẹni mímọ́, bíi Riley. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́wọ̀n ọdún mẹ́fà ní 1983, ó sì lo nǹkan bí ọdún mẹ́ta. Fíìmù méjì ni wọ́n ṣe nípa rẹ̀ ní 1984 nìkan. Ibi tí àwọn fíìmù dé nìyẹn. Obìnrin náà ṣì ní ọdún méjìlá láyé. Ó tilẹ̀ gbé ìlú Èkó fún ìgbà díẹ̀, pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ìwé àwọn ará Jámánì. Lẹ́yìn tí wọ́n kọ ara wọn sílẹ̀, ó lọ sí erékùṣù Sicily, ó sì ṣiṣẹ́ ní Palermo níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn tí ikú wọn ti sún mọ́lé. Àrùn jẹjẹrẹ pa á ní 1996, ẹni ọdún 46. Ẹ̀gbẹ́ Anna ni wọ́n sin ín sí.

Mo máa ń ronú nípa Palermo yẹn. Ìyá tó fi ìbọn gba ẹ̀san ọmọ rẹ̀, tó wá ń jókòó lẹ́bàá ibùsùn àwọn àjèjì tó ń kú lọ, tó ń di ọwọ́ wọn mú. Kò sí ìwé gbèsè tó lè gba ìran yẹn, ìdí sì nìyẹn tí kò fi sí nínú irú fíìmù tí ẹ wò.

Àwọn Gíríìkì àtijọ́ ti fura sí èyí. Nínú eré Hecuba tí Euripides kọ ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn, ọba kan pa ọmọ tí wọ́n fi pamọ́ sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí wúrà. Ìyá ọmọ, Hecuba, fọ́ ọba náà lójú, ó sì pa àwọn ọmọ ọba náà. Ọba afọ́jú náà wá sọ tẹ́lẹ̀ pé Hecuba yóò di ajá. Euripides ò sọ pé oró tó dá a kéré, kò sì sọ pé ọba náà ṣàánú rí. Ó kàn tẹ̀lé ìyá náà dé ibi tí oró ti gbé e dé, kò gé eré náà kó tó débẹ̀.

Ní tòde òní, méjì wà tó gbójú wo ìyá náà dáadáa, ṣùgbọ́n mo ní ìkìlọ̀ lórí méjèèjì, n óò sì ní láti sọ òpin wọn. Èkíní ni Aus dem Nichts ti Fatih Akin, tó jáde ní 2017, tí wọ́n ń pè ní In the Fade lédè Gẹ̀ẹ́sì. Bọ́ǹbù pa ọkọ àti ọmọ Katja ní Hamburg, ilé ẹjọ́ sì dá àwọn tó ṣe é sílẹ̀. Diane Kruger, tó ṣe Katja, gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dára jù ní àjọ̀dún fíìmù Cannes lọ́dún náà. Fíìmù yìí jókòó ti ọ̀fọ̀: ó jẹ́ kí á rí yàrá ọmọ, àwọn àna tó ń jà du òkú, òjò tó ń rọ̀ ṣáá. Ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí nínú eré ọkùnrin agbẹ̀san kankan: láti ìgbà tí wọ́n ti kú ni Katja kò ti rí nǹkan oṣù rẹ̀ mọ́. Ó padà wá nígbà tí òpin kù sí dẹ̀dẹ̀. Ara rẹ̀ ń sọ fún un pé ayé lè máa lọ, ó gbọ́ ọ, ó sì yàn láti má tẹ̀lé e. Ó pa àwọn apànìyàn náà, ó sì bá wọn kú. Nínú fíìmù kan náà, ó ti gbìyànjú láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e síwájú ẹ̀gbọ́n yín báyìí.

Èkejì ni Three Billboards Outside Ebbing, Missouri, tí Martin McDonagh kọ, tó sì darí, tí Frances McDormand fi gba Oscar ní 2018. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ikú ọmọ rẹ̀, ìyá náà háyà pátákó ìpolówó mẹ́ta lẹ́bàá títì láti fi bi ọ̀gá ọlọ́pàá léèrè ìdí tí kò fi mú ẹnìkankan. Àbámọ̀ tí Peppermint sá fún, òun ló wà ní ọkàn eré yìí: ìjà ni ìyá àti ọmọ jà kẹ́yìn, ìyá náà sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò lè gbà padà mọ́. Ní òpin, ó wà nínú ọkọ̀, ó ń lọ pa ọkùnrin kan tí ó mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó pa ọmọ òun, kò sì dá a lójú bóyá yóò pa á. Eré rere ni, ṣùgbọ́n èèbú inú rẹ̀ pọ̀, ẹnìkan sì gba ẹ̀mí ara rẹ̀ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ dá a wò fúnra yín ná.

Èyí tí n óò bá yín mú fún ẹ̀gbọ́n yín, bí wọ́n bá fẹ́, tí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn sọ pé wọ́n fẹ́, ni Rabbit Hole, tó jáde ní 2010. Nicole Kidman ló ṣe Becca, ìyá tí ọkọ̀ pa ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kì í ṣe eré ìbọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí a lè gbẹ̀san lára rẹ̀ wà nínú rẹ̀: ọmọkùnrin tó wa ọkọ̀ náà, ọ̀dọ́ tó ṣì ń lọ sí ilé ìwé. Becca rí i, ó sì ń tẹ̀lé e kiri. Lójú olótùú fíìmù, bí àwọn eré ìgbẹ̀san ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́lẹ́ ni: ìyá nínú ọkọ̀, tó ń ṣọ́ ẹnìkan láìjẹ́ kí ó mọ̀. Nígbà tí wọ́n wá bá ara wọn pàdé, orí bẹ́ǹṣì nínú ọgbà ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìbéèrè tí mo bi lókè nípa aṣọ Carly, fíìmù yìí dáhùn tirẹ̀. A rí ọwọ́ ìyá lára aṣọ ọmọ. A rí àwòrán ọmọ tí ó ń yọ kúrò lára fìríìjì, a rí ọkọ tí inú bí nítorí rẹ̀, nítorí pé tirẹ̀ ni kí wọ́n fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Bí ẹ bá bá wọn wò ó, ẹ dúró de ibi tí Becca àti ìyá rẹ̀ ti ń kó ẹrù ọmọ náà lọ sí yàrá abẹ́ ilé. Ìyá Becca náà ti sin ọmọkùnrin kan rí. Becca bi í bóyá ọ̀fọ̀ náà máa ń lọ. Ìyá rẹ̀ ní rárá, kì í lọ, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ a máa yí padà, a di ohun tí èèyàn lè gbé sínú àpò máa rìn kiri, tí yóò tilẹ̀ gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi tún kàn án. Ìran náà ò yára. Àwọn obìnrin méjì, àpótí, àti iná yàrá kan. Bí ẹ̀gbọ́n yín bá dìde níbẹ̀, ẹ má tẹ̀lé wọn kíákíá.